Asẹ́ Kọ́ Ni: Èrò Kan lórí Orúkọ Ohun tí ó ń Pín Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà

Ìwé ìlànà kan ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. A fi í ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ ìtumọ̀ rẹ̀ wò kí ó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ìwé náà ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí a ti ń lo ímeèlì, ó sì ní orí kan tí ó ń ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà máa ya lẹ́tà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan wá sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà yòókù, kí ó sì máa kó wọn sí àpótí tiwọn. Ohun tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní filter. Olùtumọ̀ pè é ní asẹ́. Mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé ni, kò gùn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí asẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka orí tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí ó dá lórí ohun tí ó yẹ kí a ṣe bí iṣẹ́ náà kò bá lọ déédéé, mo rí i pé gbogbo ìmọ̀ràn inú rẹ̀ ni ó tako orúkọ náà. Mo bá pa ìfọwọ́sí mi rẹ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá olùtumọ̀ jà. Ohun tí ó ṣe ni a ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí a ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn tí ó kọ ìwé fún un níláti wá orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Nígbà tí àkójọ èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ sì jáde ní 1984, tí èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1990, ọ̀nà tí à ń gbà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ti hàn kedere sí gbogbo wa: a lè fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lójú, a lè ṣàpèjúwe, a lè so ọ̀rọ̀ pọ̀, a sì lè yá ọ̀rọ̀ lò. Bí a bá fẹ ìtumọ̀ asẹ́ lójú títí tí ó fi kan lẹ́tà, a kò rú òfin kankan. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè-ìperí fún ẹ̀kọ́ gírámà àti èdè-ìperí fún ohun èlò kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí a bá pe ọ̀rọ̀-ìṣe ní orúkọ tí kò bá a mu tó, ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní torí ìyẹn dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀ nínú gbólóhùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ohun èlò rẹ̀ bá bàjẹ́ a máa fi orúkọ ohun èlò náà ronú. Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ó yẹ kí ó wò fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ asẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nínú ilé. Ẹni tí ó fẹ́ sẹ́ ògì yóò da àgbàdo tí a ti lọ̀ sórí aṣọ asẹ́, yóò máa da omi sí i, yóò sì máa fi ọwọ́ rò ó. Ohun tí ó kúnná yóò bá omi wọ inú igbá tí ó wà nísàlẹ̀. Èèrí yóò kù sórí aṣọ. Ọ̀nà méjì péré ni asẹ́ ń pín nǹkan sí. Títóbi àti kíkéré ni ó sì fi ń pín in. Kò mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni àgbàdo náà ti wá tàbí Òkè-Ògùn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀kan nínú ohun méjèèjì kò wúlò fún ẹni tí ń sẹ́ ògì: ẹran ni ó ni èèrí. Bákan náà ni ti ajọ̀ tí a fi ń jọ gàrí, bẹ́ẹ̀ sì ni ti fílítà tí mẹkáníìkì ń pààrọ̀ nínú ọkọ̀. Bí asẹ́ bá bàjẹ́, yálà ó ya tàbí ó dí. Ẹni tí tirẹ̀ ya yóò ra òmíràn. Ẹni tí tirẹ̀ dí yóò fọ̀ ọ́.

Ohun tí ó wà nínú ímeèlì kò jọ èyí rárá. Ẹgbẹ́ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwọn ènìyàn fi orúkọ sílẹ̀ sí kí wọ́n lè jọ máa gba lẹ́tà kan náà; mo ń pè é ní ẹgbẹ́ àjọgbà. Àdírẹ́sì kan ni ẹgbẹ́ náà ní. Ẹni tí ó bá kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì yìí ti kọ ọ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, nítorí ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí yóò dà á kọ, tí yóò sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. LISTSERV tí Eric Thomas kọ ní 1986 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ó mú kí irú ẹgbẹ́ báyìí gbilẹ̀ láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mailman ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò lónìí. Bí ènìyàn bá wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́tà ẹgbẹ́ lè bo lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kọ sí i mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń fi òfin lélẹ̀ fún kọ̀ǹpútà pé: lẹ́tà tí o bá rí irú àmì báyìí lórí rẹ̀, gbé e sí àpótí báyìí. Iṣẹ́ akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni èyí, ẹni tí ó dúró níwájú àpótí oníhò púpọ̀, tí ó ń ka ara àpò-ìwé, tí ó sì ń ti lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀. Kò sí èèrí nínú rẹ̀. Lẹ́tà tí kò bá bá òfin kankan mu kò sọnù. Inú àpótí àkọ́kọ́, tí gbogbo lẹ́tà ń wọ̀, ni yóò wà. Akọ̀wé yìí kì í wo títóbi; kíkà ni ó ń kà. Ohun tí ó bá sì ń kàwé, àṣìkà ni àìsàn rẹ̀, kì í ṣe yíya.

Ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní ẹ̀ka wa ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí bí orúkọ ti ń darí èrò. Ó wọ ẹgbẹ́ àjọgbà kan tí àwọn onímọ̀ èdè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó rí lẹ́tà àkọ́kọ́ gbà, ó wo orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ó sì fi orúkọ náà ṣe òfin. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà ẹgbẹ́ kún inú àpótí àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, asẹ́ mi ti ya.” Ó ti pa òfin náà rẹ́, ó sì ti tún un ṣe bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi í pé, “Kí ni o ní kí ó máa wò?” Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń wo nǹkan ni?” Ìbéèrè yẹn ni ó là mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Asẹ́ kì í wo nǹkan. Ẹni tí a bá ti sọ fún pé asẹ́ ni ó wà lọ́wọ́ òun kò ní bèèrè ohun tí ó ń wò, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìbéèrè nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí òfin yìí ń kà. Lórí lẹ́tà ímeèlì kọ̀ọ̀kan ni àwọn ìlà kan wà tí a kì í sábà rí tán lójú ẹ̀rọ. Mo ń pè wọ́n ní ìlà orí lẹ́tà. Ìlà From ń sọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà. Nínú ẹgbẹ́ àjọgbà, ẹnikẹ́ni nínú ọmọ ẹgbẹ́ ni ó lè jẹ́ ẹni náà; ìdí nìyẹn tí òfin ọ̀dọ́ olùkọ́ yìí fi mú lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo. Ìlà yìí tún ti yí padà ní ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Yahoo kéde pé kí àwọn kọ̀ǹpútà agbàlẹ́tà má ṣe gba lẹ́tà tí ó bá ń jẹ́ orúkọ Yahoo ṣùgbọ́n tí kò yege nínú ìlànà ìjẹ́rìí tí a ń pè ní DMARC. AOL ṣe bẹ́ẹ̀ kété lẹ́yìn náà. Lẹ́tà tí ó gba inú ẹgbẹ́ àjọgbà kọjá a sábà máa kùnà nínú ìjẹ́rìí yìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ rọ́pò ti ẹni tí ó kọ lẹ́tà. Òfin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín fọwọ́ kàn án.

Ìlà To ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ bá lẹ́yìn èyí, nítorí pé àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Kì í wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ń fèsì lè kọ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ sí ìlà Cc, ó sì lè fi í pamọ́ pátápátá kí ó má hàn lórí ìlà kankan. Ohun tí ó ń gbé lẹ́tà délé kì í ṣe ìlà To bí kò ṣe àdírẹ́sì ara àpò-ìwé, tí àwọn kọ̀ǹpútà ń sọ fún ara wọn kí lẹ́tà tó wọlé. Àwọn méjèèjì kò sì níláti bára mu. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé akọ̀wé ni òun ń lò, èyí yóò yé e kíákíá: a lè kọ “Ìyá mi ọ̀wọ́n” sínú ìwé, kí a sì kọ orúkọ bùrọ̀dá ẹni sí ara àpò-ìwé. Kò sí bí a ṣe lè fi asẹ́ ṣàlàyé èyí.

Àmì tí ó dájú jù ni ìlà List-Id, tí a gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2001 nínú ìwé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní RFC 2919. Ètò tí ó ń darí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi ìlà yìí sí orí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó kàn án bóyá Ṣadé ni ó kọ lẹ́tà tàbí Àjàyí, bẹ́ẹ̀ ni kò níláti yí padà bí ẹgbẹ́ tilẹ̀ kó lọ sí orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Mo dábàá kí a pè é ní àmì-ẹgbẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tí ó fi àmì-ẹgbẹ́ ṣe òfin yóò tún rí lẹ́tà kan tàbí méjì nínú àpótí àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì tún di ti asẹ́ tí ó ya. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí ó fèsì kọ̀wé sí ẹgbẹ́, ó sì tún kọ àdírẹ́sì tiwa gan-an mọ́ ọn. Ẹ̀dà tí ó wá tààrà kò gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọjá, kò sì lè ní àmì-ẹgbẹ́. Mailman tilẹ̀ lè wò ó pé a ti rí ọ̀kan gbà tààrà, kí ó má fi ẹ̀dà ti ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa mọ́. Òfin náà kò ṣe àṣìṣe kankan: lẹ́tà tí a kọ sí wa ni ó wà nínú àpótí wa. Ti àwọn tí ń lo Gmail, tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ tí wọn kò sì rí i kí ó padà wọlé, sún mọ́ èyí. Gmail mọ̀ pé lẹ́tà náà ni èyí tí ó ti wà láàrin ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sì ní fi èkejì hàn. Mo ti gbọ́ tí ènìyàn ní asẹ́ ni ó gbé e mì.

Ó ku ìlà Subject, èyí tí í ṣe àkọlé lẹ́tà. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń kọ orúkọ wọn sínú àkámọ́ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń fèsì sì lè pa á rẹ́. N kì bá tí dúró lórí rẹ̀ bí kì í bá ṣe pé ìlà yìí ni ó kan àwa tí ń kọ Yorùbá jù. Ká ní orúkọ ẹgbẹ́ ni Ẹ̀kọ́, tí ènìyàn sì ní kí òfin máa wá ọ̀rọ̀ náà nínú àkọlé. Lójú wa, Ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo Ẹ̀kọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Unicode, ẹ tí ó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. A lè mú ẹ tí ó ti ní àmì ìsàlẹ̀ kí a fi àmì ohùn lé e. A lè mú e tí ó ti ní àmì ohùn kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀. A sì lè mú e lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà lójú ìwé. Unicode fúnra rẹ̀ kà wọ́n sí ohun kan náà, ó sì ní ìlànà tí a fi lè sọ wọ́n di ọ̀kan, ṣùgbọ́n òfin tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà náà yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Bí ẹnì kan bá tún lo ìlà kékeré tí ó nàró nísàlẹ̀ dípò àmì roboto, bí àwọn kan ti ń ṣe, ọ̀rọ̀ kẹrin dé, ìlànà Unicode kò sì lè sọ èyí di ọ̀kan pẹ̀lú àwọn yòókù.

Èdè òfin kan wà tí ń jẹ́ Sieve, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 2001, tí a sì tún un ṣe ní 2008. Ó ní ọ̀nà ìfiwéra kan tí yóò lò bí a kò bá yan òmíràn fún un. Ọ̀nà yìí mọ̀ pé A ńlá àti a kékeré jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa Ẹ ńlá àti ẹ kékeré tí a fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kọ. Procmail, tí ó ti wà láti 1990, tilẹ̀ ń ka àkọlé bí ó ti rí lójú ọ̀nà kí a tó tú u, lójú ọ̀nà sì rèé, àkọlé tí ó ní àmì ohùn ti di àdìpọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà tí kò jọ Yorùbá mọ́. Mo ti rí olùkọ́ Yorùbá tí ó torí èyí pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun má fi àmì ohùn sí àkọlé lẹ́tà mọ́. Ó ní àmì wa ni kì í jẹ́ kí lẹ́tà “kọjá”. Èmi kò lè fara mọ́ ìpinnu náà. Ẹni tí ó bá rò pé asẹ́ ni òun ní yóò rò pé ohun tí kò kọjá ti tóbi jù, yóò sì gé e kúrú. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé akọ̀wé tí kò mọ Yorùbá kà ni òun ní yóò ní kí ó ka ìlà mìíràn. A kò gbọdọ̀ bọ́ àmì lára ọ̀rọ̀ wa nítorí òfin tí a lè fi àmì-ẹgbẹ́ tún ṣe ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹnì kan yóò sọ pé: ṣé ìwọ náà kọ́ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ Sieve, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ asẹ́ gan-an? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi Sieve kọ òfin ń ka ìlànà rẹ̀ tààrà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ ìlà tí yóò kà. Kò sí bí orúkọ ṣe lè ṣì wọ́n lọ́nà. Olùkọ́ tí ó ń tẹ bọ́tìnnì kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sì dùn mọ́ mi nínú ni pé ẹ̀yà Sieve tí a ń lò nínú Dovecot, ètò agbàlẹ́tà tí orúkọ tirẹ̀ jọ ilé ẹyẹlé, ń jẹ́ Pigeonhole. Ihò ẹyẹlé ni ìtumọ̀ rẹ̀ lóréfèé. Ní ọ́fíìsì, àpótí oníhò púpọ̀ tí a ń pín lẹ́tà sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Nínú ilé kan náà, ẹnì kan rí asẹ́, ẹnì kejì rí akọ̀wé. Ẹ̀yìn ẹnì kejì ni mo wà.

Aṣàpín ni orúkọ tí mo dábàá. A mọ ṣà, bí a ti ń ṣa ẹ̀wà láti yọ òkúta kúrò. A mọ pín. A sì ti so ṣà mọ́ yàn tẹ́lẹ̀ nínú àṣàyàn. Mọ́fíìmù a- tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni ti apẹja àti akọ̀wé, ó ń sọ pé ohun yìí ń ṣe nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ìṣàpín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí a pa láṣẹ fún un yóò jẹ́ òfin ìṣàpín. Mo wo olùpín-lẹ́tà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé lẹ́tà kiri ojúlé ni ọ̀pọ̀ yóò rò.

Èmi kò ní kí a lé asẹ́ jáde kúrò nínú ímeèlì. Ohun kan wà níbẹ̀ tí orúkọ náà bá mu: ètò tí ó ń dá lẹ́tà jìbìtì àti ìpolówó tí a kò bèèrè dúró. Ọ̀nà méjì ni ó ń pín lẹ́tà sí, ó ń wọn ọ̀pọ̀ àmì pọ̀ kí ó tó pinnu, a kò sì fẹ́ ohun tí ó bá kù sórí aṣọ. Asẹ́ tòótọ́ ni, ó sì lè ka lẹ́tà rere mọ́ èèrí. Gẹ̀ẹ́sì fún òun àti ti ẹgbẹ́ ní orúkọ kan náà. Ìyẹn kò ní kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní asẹ́ àti aṣàpín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́nu yóò mọ̀ pé bí lẹ́tà ẹgbẹ́ kò bá sí níbi tí òun ń wá a, àpótí méjì ni ó yẹ kí òun ṣí: ti asẹ́ àti ti aṣàpín. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò ṣí ọ̀kan, yóò sì sọ pé lẹ́tà kò dé.

Ọ̀rọ̀ akọ̀wé tún ń ràn wá lọ́wọ́ níbi méjì tí n kò ní fà gùn. Níbo ni ó jókòó sí? Òfin tí a kọ sínú Thunderbird, inú kọ̀ǹpútà wa ni ó wà. Bí a bá pa kọ̀ǹpútà náà, kò sí ẹni tí yóò pín lẹ́tà, a ó sì bá gbogbo wọn ní wọ̀ǹtìwọnti lórí fóònù. Òfin Sieve tàbí ti Gmail wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń gba lẹ́tà fún wa, bí a sùn bí a jí. Òfin wo ni ó sì kọ́kọ́ kà? Nínú Thunderbird, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ni, òfin òkè tí ó bá gbòòrò jù sì lè gbé lẹ́tà lọ kí ti ìsàlẹ̀ tó rí i.

Mo ti kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí olùtumọ̀ ìwé náà. Ó fèsì pé òun gba aṣàpín, òun sì ti tún orí ìwé náà kọ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ inú rẹ̀ lè jẹ́: “Ìlà wo ni aṣàpín yín ń kà?” Àmì-ẹgbẹ́ ni kò gbà. Ó ní ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé báàjì tàbí aṣọ ẹgbẹ́ ni à ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí ó jàre. Bí òǹkàwé kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wa kí ìwé náà tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.